Orí Keje: Ojú Aago Olóyè Akínmúrelé

Iyùnadé kò tíì gbójú sókè tí ó fi mọ ẹni tó jókòó síwájú tábìlì rẹ̀. Ohùn náà ló dá mọ̀. Ohùn yẹn ti wọ gbogbo ilé ní Òkè-Iyọ̀ rí, láràárọ̀, láti inú aago ọwọ́ àwọn ènìyàn, tí yóò máa kí wọn kú ọjọ́ tuntun, tí yóò sì máa rán wọn létí pé Ìgbìmọ̀ Àkókò ló fún wọn ní ọjọ́ náà. Ó ti gbó díẹ̀ báyìí, ó sì ń dúró mí láàárín ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni.

"Aago mi kú," ni ọkùnrin náà wí. "Láti àárọ̀ ni mi ò ti rí omi mu nínú ilé ara mi. Ẹ̀rọ omi ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ilẹ̀kùn ò ṣí. Ọkọ̀ ojú omi gan-an kọ̀ láti gbé mi, àfìgbà tí aládùúgbò mi kan fi aago tirẹ̀ dúró fún mi."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá," ni Iyùnadé dá a lóhùn. "Ẹ gbé ọwọ́ yín lé àwo."

Ó gbé e lé e. Ọwọ́ ńlá ni, ó wú díẹ̀, òrùka oyè sì há mọ́ ìka kan níbẹ̀. Ibi tí aago ti máa ń jókòó ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù ara rẹ̀ lọ. Àwo náà tàn, ó wo inú aago tó kú, kò bá ohunkóhun níbẹ̀.

"Ó ti lọ pátápátá," ni Iyùnadé wí. "Aago àtijọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó ṣì ń lo irú rẹ̀."

"Èyí tí a lẹ̀ pa ni," ni Olóyè Akínmúrelé wí, ìgbéraga sì wà nínú ohùn rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lè tú u wò. Nígbà tiwa, aago ló ń wá bá ènìyàn nílé. Kò sí pé à ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni ń gun àgbọn, ká tó wá jókòó síwájú obìnrin kan kó máa bi wá ní ìbéèrè."

Mojíròlá gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì kejì. Òun àti Iyùnadé ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Gbọ̀ngàn Aago láti ọdún Ìṣísílẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ tí kò fi ọwọ́ kàn án. "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ni ó wí. "Nígbà tiyín, aago ń wá bá wa nílé. Ó tún ń bá wa dé orí ibùsùn, ó ń gbọ́ ohun tí tọkọtaya ń sọ."

Olóyè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fi aṣọ nu iwájú orí, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà. "Àtẹ̀gùn yín yìí ló ga," ni ó wí. "Àyà mi ò fẹ́ràn rẹ̀."

Iyùnadé ti rí i kí ó tó sọ ọ́. Ó rí ètè tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣú, ó rí ẹsẹ̀ tó kún bàtà ní àkúnjù. Ẹni tó bá ti fi ọdún púpọ̀ kọ áàpù tó ń gbọ́ ìró ọkàn kò ní rí ọkàn tó ti rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n. Ọkàn tó wà níwájú rẹ̀ yìí ti rẹ̀ gan-an ni.

"Ẹ ó sinmi, Bàbá," ni ó wí. "Màá máa dárúkọ àwọn áàpù níkọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ ní, Ó wọlé. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ ní, Ó jáde. Ẹnu yín la fẹ́ gbọ́. Mojíròlá ni ẹlẹ́rìí."

"Ẹlẹ́rìí kẹ̀? Ṣé ìyàwó ni mo wá fẹ́ níbí ni?"

"Òfin ni, Bàbá." Iyùnadé na ìka sókè ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn tó dá Gbọ̀ngàn sílẹ̀ ti gbẹ́ ọ̀rọ̀ kan sára pákó: Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. "Ikùn aago kéré. Bí nǹkan kan bá wọlé, nǹkan mìíràn á jáde. Ohun tẹ́ ẹ bá yàn, a ó sè é nínú ìkòkò yìí, a ó sì gbé e sára Ògiri lọ́hùn-ún kí gbogbo ìlú lè kà á. Bó bá ti jiná, ó di àmọ́dún ká tó tún lè ṣí i. Iná ìkòkò a máa jẹ ara aago, aago ò sì pọ̀ nílùú."

Ọkùnrin náà wo Ògiri. Ó kún láti òkè dé ilẹ̀ fún orúkọ àwọn ènìyàn àti ohun tó wà nínú aago wọn, tí ọmọdé àti àgbà dúró níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń tọ́ka sí i, tí àwọn mìíràn ń fi aládùúgbò wọn rẹ́rìn-ín nítorí ohun tó yàn. Ó mi orí bí ẹni tó rí aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sá síta gbangba.

"Ti omi àti ti ilẹ̀kùn wọlé fúnra wọn," ni Iyùnadé wí. "Ti ìṣàn òkun ńkọ́? Ó ń sọ ìgbà tí omi máa gun òpó ilé."

"Ilé mi wà lókè. Kò kàn mí."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ, Bàbá."

"Ó jáde. Ó jáde, ó jáde."

Mojíròlá fi ìka kan lu tábìlì. Ẹ̀rí ti wọlé nìyẹn.

"Ti kíka ìgbésẹ̀?"

"Kí wọ́n máa ka ẹsẹ̀ fún èmi? Ó jáde." Ó wá tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, ọmọ mi. Ojú aago kan wà tí mo fẹ́. Bí èyí bá ti wọlé, ìyókù ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú Jùbílì. Ṣé ẹ ṣì ní in?"

Ìka Mojíròlá dúró lófuurufú.

"A ní in," ni Iyùnadé wí. "A kì í da nǹkan nù níbí."

Ó fa ojú náà jáde láti ìsàlẹ̀ gíláàsì tábìlì, ó sì jẹ́ kó là. Wúrà ni gbogbo rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Àkókò dúró ní àárín, àsíá ń fẹ́ lórí òrùlé rẹ̀, oòrùn sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kan ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà níbẹ̀. Ojú Olóyè Akínmúrelé rọ̀. Ó fẹ́ẹ̀ sunkún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò káàánú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Gbádébọ̀, ọkọ Iyùnadé, òmùwẹ̀ ni. Inú páìpù ńlá tí òkun ń gbà wọ ìlú ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ha ìgbín àti ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ kí Òkè-Iyọ̀ lè rí omi mu. Iṣẹ́ ọlọ́kàn líle ni, ọkàn tirẹ̀ kò sì le tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí kì í fi fi aago rẹ̀ ṣeré. Nínú aago ìgbà náà, bí a tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pa, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ìró ọkàn. Bí ọkàn bá kọsẹ̀, aago yóò pariwo sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lókè, wọn yóò sì fa okùn.

Ó wá di òwúrọ̀ Jùbílì, àjọ̀dún Ìgbìmọ̀ Àkókò. Gbogbo ìlú jí, wọ́n rí oòrùn wúrà tó ń yọ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọdé ń jó kiri. Gbádébọ̀ na ọwọ́ rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wò ó, wọ́n ti so wúrà mọ́ ọwọ́ tálákà," ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ìgbà tí wọn kò rí i kó mi okùn ni wọ́n fà á sókè. Oòrùn ṣì ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀, àsíá ń fẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún un, tàbí fún ẹnikẹ́ni nílùú, pé ohun tó ń gbọ́ ọkàn ti kúrò kí oòrùn lè ráyè wọlé.

Ọdún Ìṣísílẹ̀ ni Iyùnadé tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìlú já àgádágodo Ìgbìmọ̀, tí olúkúlùkù sì lè ka ohun tí wọ́n ti ń kọ sínú aago wọn láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Òun náà lọ kà. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: Ẹ mú ọkàn jáde, kí oòrùn lè wọlé. Orúkọ ẹni tó pa àṣẹ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn láàárín ìlú, àwọn aṣáájú tuntun dárí ji gbogbo ará Ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wọn kò bi Iyùnadé léèrè bóyá ó dárí jì.

Ó wá kọ́ṣẹ́ aago. Ó kọ ohun tó ń gbọ́ ọkàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì Gbọ̀ngàn kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè mú un lọ. Ẹni tó bá kọ áàpù ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó sọ ọ́ ní Gbádébọ̀. Ohùn inú rẹ̀, ohùn ọkọ rẹ̀ ni, èyí tó gé jáde láti inú ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà máa ń fi ránṣẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀ omi: Ṣé o wà níbẹ̀? Láràárọ̀, àti nígbàkigbà tí ọkàn bá kọsẹ̀, áàpù náà yóò béèrè, ẹni tó ni aago yóò sì fi orúkọ dáhùn kí ó lè mọ̀ pé iyè rẹ̀ ṣì pé. Bí kò bá sí ìdáhùn, ọkọ̀ aláìsàn ti ń bọ̀. Kò sí àdúgbò kan mọ́ ní Òkè-Iyọ̀ tí ènìyàn kì í ti gbọ́ kí ìyá arúgbó kan máa wí lójú fèrèsé pé, mo wà níbí, Gbádébọ̀. Àwọn tó ń pe orúkọ náà kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ. Iyùnadé a máa gbọ́ ọ, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àyè kò gba Ojú Jùbílì àti Gbádébọ̀ pọ̀ nínú ikùn aago kan ṣoṣo. Àyè kò gba oòrùn àti ohun tó ń gbọ́ ọkàn nígbà náà, kò gbà wọ́n títí di òní.

Òfin ní kí oníṣẹ́ aago sọ ohun tó máa jáde fún ẹni tó ni ín kí ìkòkò tó gbóná. Ẹnu Iyùnadé wúwo, ṣùgbọ́n ó là á. "Bàbá, bí oòrùn yìí bá máa wọlé, ohun kan wà tí yóò..."

Olóyè gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. "Ìbéèrè yín ti pọ̀ jù. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ. Èyí tó bá tọ́ lójú rẹ ni kó o fi sí i, èyí tí kò bá tọ́, yọ ọ́. Bí àwa ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Mo ti fi lé ọ lọ́wọ́."

Mojíròlá fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. Àwọn oníṣẹ́ yòókù gbé orí sókè.

"Kí ló dé?" ni Olóyè béèrè.

"Ẹ ti fi lé e lọ́wọ́, Bàbá," ni Mojíròlá wí. "Yíyàn ti kúrò lọ́wọ́ yín. Kò ní bi yín léèrè nǹkan kan mọ́, kò sì pọn dandan kó sọ ohunkóhun fún yín."

"Ẹ ṣeun. Ohun tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti jókòó nìyẹn."

Odi ni wọ́n ṣe ìfilélọ́wọ́ fún, àti ọmọ ọwọ́, àti ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Kò sí ẹni tó ní ẹnu tó pé tó máa ń sọ ọ́ ní Gbọ̀ngàn, nítorí pé àwọn tó mọ bí ayé àtijọ́ ṣe rí kò ní fi yíyàn wọn tọrẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé Akínmúrelé ló fi ń sọ fún akọ̀wé àti olùrànlọ́wọ́ pé kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ ọn lẹ́nu ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Ó tẹ̀yìn sórí àga, ó sì di ojú.

Mojíròlá fà mọ́ Iyùnadé létí. "Ẹ̀san ò gbọ́ oògùn," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọlọ́run ló tì í gun àtẹ̀gùn yìí. Fún un ní oòrùn rẹ̀ kó máa lọ. Ohun tó fẹnu ara rẹ̀ bèèrè lo fún un. Ògiri á gbé e jáde, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ náà rí i. Òjò tó ń bọ̀ yìí ò ní bá a."

Inú Iyùnadé dùn. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ro bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ọkùnrin yìí. Ó ti rò ó pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ti rò ó pẹ̀lú májèlé, ó ti rò ó pẹ̀lú páìpù dúdú nísàlẹ̀ òkun. Kò rò ó rí pé ọkùnrin náà yóò na ọwọ́ sí òun, tí yóò sì ní kí òun ṣe bó ṣe wù òun.

Ó mú aago tuntun kan, ó fa oòrùn wọlé sínú rẹ̀. Ojú wúrà náà jókòó sínú ikùn aago, ó sì kún ún dẹ́múdẹ́mú. Ó fi ìka lé Gbádébọ̀, ó rọra tì í síta, ó gbé aago tuntun náà sínú ìkòkò, ó dé e. Iná tàn nísàlẹ̀, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Olóyè la ojú. Inú tirẹ̀ náà dùn, ọ̀rọ̀ sì ń wù ú sọ. "Ẹ̀yin èwe ò mọ oòrùn yẹn," ni ó wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń kọ aago nígbà náà wá bá mi, wọ́n ní kò sí àyè. Mo ní, ẹ wá àyè. Wọ́n sì wá a. Bí wọ́n ṣe ń darí ènìyàn nìyẹn."

Iyùnadé ń wo iná. "Ibo ni wọ́n ti rí i, Bàbá?"

"Kí ni?"

"Àyè náà."

"Wọ́n yọ nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n yọ?"

Ọkùnrin náà dojú sókè, ó rò ó tinútinú, bí ẹni tó fẹ́ ran ọmọdé lọ́wọ́. "Mi ò rántí mọ́," ni ó wí níkẹyìn. "Ohun kékeré kan ni. Bóyá orin ni."

Ìdùnnú tó wà nínú Iyùnadé gbẹ. Kì í ṣe àánú ló rọ́pò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀. Ìbínú ló dé, èyí tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ọdún tí òun ti ń ru òkú Gbádébọ̀ kiri, ẹni tó pa á kò mọ̀ pé òun pa ènìyàn. Bí oòrùn yìí bá jiná, Akínmúrelé yóò so ó mọ́ ọwọ́, yóò máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, yóò kú sórí ibùsùn rẹ̀, pẹ̀lú wúrà lọ́wọ́. Wọn yóò sin ín bí olóyè, wọn yóò sì ní ó sùn rere. Kò ní mọ ohun tó pa á, kò ní mọ ẹni tó pa á, kò ní mọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èyí tó yá yẹn ni Iyùnadé fẹ́ ha fún ọ̀tá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó ṣí ìkòkò.

"Kò tíì jiná," ni Mojíròlá wí. Ó ti dìde. "Iyùnadé, kí lò ń ṣe?"

"Ó fi lé mi lọ́wọ́. Mò ń yàn." Ó gbé ohùn sókè débi tí àwọn tó wà nídìí Ògiri fi gbọ́. "Oòrùn jáde. Gbádébọ̀ wọlé."

"Kí ló jáde?" ni Olóyè béèrè.

Iyùnadé fa ojú aago kan tí àwọn òmùwẹ̀ máa ń lò, dúdú, láìní ọ̀ṣọ́ kankan, tó jẹ́ pé nọ́ńbà ni àti ìlà kan tó ń gbọ̀n bí ọkàn bá ṣe ń lù. "Ojú òmùwẹ̀ wọlé," ni ó wí. Ó dé ìkòkò padà. Olóyè ń pè é, ó ń bínú, ó ní òun sọ ohun tí òun fẹ́, Mojíròlá sì rán an létí jẹ́jẹ́ pé ó ti fi lé Iyùnadé lọ́wọ́. Ìkòkò kùn títí, ó dákẹ́. Ó ti jiná.

Ó ṣì gbóná díẹ̀ nígbà tí Iyùnadé so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n wọ àkísà fún. "Aago lébìrà nìyí," ni ó wí. "Ta ni Gbádébọ̀?"

"Ọkọ mi ni."

"Kí ló wá kan èmi?"

"Ẹ ní ẹ ò rántí ohun tí wọ́n yọ kí oòrùn yín tó wọlé. Èmi rántí rẹ̀. Kì í ṣe orin. Ohun tó ń gbọ́ ìró ọkàn ni. Òmùwẹ̀ ni ọkọ mi, inú páìpù ló wà lọ́jọ́ Jùbílì nígbà tí ọkàn rẹ̀ kọsẹ̀. Ó ń dúró de aago kó pariwo. Oòrùn ló ń yọ." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ìyẹn sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Orúkọ yín wà nídìí àṣẹ náà, Bàbá. Mo ti kà á débi pé mo lè kà á lójú oorun."

Olóyè Akínmúrelé wo obìnrin náà, ó wo Mojíròlá, ó tún wo obìnrin náà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ń wá ẹni tí yóò ní kó bá òun dáhùn, irú ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà kan. Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìlà tó wà lójú aago bẹ̀rẹ̀ sí í fò ségesège.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" ni aago wí.

Ohùn ọkùnrin tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni, ẹ̀rín díẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀. Kò mọ olóyè, kò mọ àgbà. Bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ dá a lóhùn," ni Mojíròlá wí. "Ọkàn yín ló ń kọsẹ̀."

Olóyè fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú aago.

"Ṣé o wà níbẹ̀?" Ó ròkè díẹ̀ báyìí.

"Bó bá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i láìrí ìdáhùn," ni Mojíròlá wí, "àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn á gbé yín la àárín ìlú kọjá lórí pátákó. Gbogbo ayé á jáde wá wò yín."

"Mo wà níbí," ni ọkùnrin náà sọ láàárín eyín.

"Orúkọ ló ń dúró dè."

"Mo wà níbí, Gbádébọ̀."

Aago dákẹ́. Òógùn ti bo ojú Olóyè. Ó na ọwọ́ náà síwájú tábìlì padà, ó sì dà bíi pé ó ti kéré sí i láàárín ìgbà díẹ̀ yìí. "Yọ ọ́," ni ó wí.

"Ó di àmọ́dún, Bàbá."

"Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mi ò mọ̀. Wá ẹlòmíràn bá mi dá a lóhùn. Gbogbo òwúrọ̀ kọ́ ni mo lè máa..." Ó dúró kó mí. "Fún mi ní oòrùn mi. Bí mo bá kú, mo kú."

"Mo mọ̀ pé ẹ ó kú," ni Iyùnadé wí. "Ìdí tí mi ò fi fún yín nìyẹn. Bó bá sì di àmọ́dún, dókítà èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lọ bá ló máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má yọ ọ́. Ẹ ti nílò rẹ̀ báyìí. Òun ló ń mú yín dúró."

Ó jáde láti ẹ̀yìn tábìlì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí ó ti yẹ kí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kúnlẹ̀ fún àgbà. Àwọn tó wà nídìí Ògiri ti yí padà. Wọn kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n obìnrin tó kúnlẹ̀ fún bàbá arúgbó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wò kọjá, wọ́n sì sún mọ́ ọn.

"Ẹ ó pẹ́ láyé, Bàbá," ni Iyùnadé wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò ti inú rẹ̀ wá. "Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ọkàn yín ò ní dákẹ́ lójijì. Ẹ ò ní kú sójú oorun. Gbogbo òwúrọ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò bá yín láàyè, yóò pè yín, ẹ ó sì gbọ́ ọ, ẹ ó sì jẹ́ ẹ."

"Àmín o," ni ìyá arúgbó kan wí láàárín èrò.

"Àmín," ni àwọn yòókù gbè é.

Wọ́n wá ń wo Olóyè. Ní Òkè-Iyọ̀, bó ti jẹ́ ayé tuntun tó, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún tí kò gbà á, òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ ré. Iyùnadé kò dìde. Ó gbé ojú sókè, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Olóyè Akínmúrelé la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Àmín," ni ó wí.